Ooru, òtútù àti insulin: kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan wa gan-an?

Insulin ni họ́mónù tó ń mú kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọnú sẹ́ẹ̀lì, àmọ́ ọ̀rọ̀ òun àti ooru ti ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú tipẹ́. Ẹnì kan á ní ooru ń ba insulin jẹ́, ẹlòmíì á ní kéèyàn jókòó sínú omi gbígbóná ló ń mú ṣúgà wálẹ̀, ẹnì kẹta á tún yọjú, á ní irọ́ ni, òtútù ló ń jẹ́ kí insulin ṣiṣẹ́, kéèyàn ṣáà máa gbọ̀n. Tẹ́ ẹ bá wá bi wọ́n, kálukú ló ní ìwádìí tó gbára lé. Èyí tó wá yani lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó parọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí wọ́n ń sọ ni ò papọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ insulin tó wà nínú ìgò. Àwọn méjì tó kù ń sọ̀rọ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan, ìyẹn ẹran ara tó ń mú wa rìn, kì í ṣe òpó ẹ̀jẹ̀. Àárín ìgò àti iṣan, ibì kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí, abẹ́ awọ tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ sí. Ibi mẹ́ta ni ooru ti lè bá insulin pàdé, ohun tó sì ń ṣe níbì kan, kọ́ ló ń ṣe níbòmíì.

Ti ìgò ò gba àkókò. Pùrótéènì ni insulin, bí pùrótéènì ṣe ká ara ẹ̀ jọ ló ń jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́, ooru tó bá pọ̀ jù á tú u, dídì náà á bà á jẹ́. Ìdí nìyẹn tí èyí tí wọn ò tíì ṣí fi gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, láàárín dígírì 2 sí 8, tí kò sì gbọdọ̀ wọ fírísà rárá. Èyí téèyàn ń lò lọ́wọ́ lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ooru ibẹ̀ ò bá kọjá 25 tàbí 30, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀ torí wọn ò rí bákan náà. Tó bá ti dì rí, bó tilẹ̀ yọ́ padà tó mọ́ lójú, ẹ jù ú nù.

Ti abẹ́ awọ ló máa ń tan àwọn èèyàn jẹ. Insulin tí wọ́n gún sábẹ́ awọ gbọ́dọ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀ kó tó lè dé ibi tó ń lọ, ooru sì máa ń jẹ́ kí òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn gbùù, insulin á tètè wọlé. Wọ́n dán èyí wò ní 1980 pẹ̀lú àwọn tó ní àtọ̀gbẹ tó ń lo insulin, wọ́n ní kí wọ́n wọ sáúnà, yàrá tó gbóná yẹn, insulin sì kúrò níbi tí wọ́n gún un sí pẹ̀lú ìyára tó lé ní ìlọ́po méjì tàtẹ̀yìnwá. Ẹni tó bá wá gún abẹ́rẹ́ tán tó lọ rì sínú omi gbígbóná, ṣúgà ẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, á máa sọ fáráyé pé omi gbígbóná wo òun sàn. Kò wò ó sàn o, abẹ́rẹ́ ẹ̀ ló tètè dé. Iṣan ẹ̀ ò tíì ṣe nǹkan kan tó yàtọ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọnú iṣan wàyí torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Èyí tó so mọ́ egungun ni mò ń sọ, tá a fi ń rìn tá a fi ń gbẹ́rù, kì í ṣe ti ọkàn tàbí ti ìfun. Wọ́n lé ní 600 lára èèyàn, tẹ́ ẹ bá kó gbogbo wọn jọ wọ́n tó nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ẹni tí ò sanra jù. Àwọn dókítà ní ìdánwò kan, wọ́n á máa da insulin sínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn, wọ́n á tún máa da ṣúgà sí i kí tinú ẹ̀jẹ̀ má bàa já wálẹ̀, wọ́n á wá máa wò ibi tí ṣúgà yẹn ń gbà lọ. Iṣan ló máa ń kó bíi 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀. Tí iṣan bá kọ etí dídi sí insulin, kò sí ẹ̀yà ara mìíràn tó lè gbà á sílẹ̀, ṣúgà á ṣáà máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ni.

Wọ́n sábà máa ń sọ pé insulin ni kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà. Kò burú, àmọ́ ó fi nǹkan kan pa mọ́: ilẹ̀kùn náà gan-an ò tíì sí lára ògiri nígbà tí kọ́kọ́rọ́ dé, inú lọ́hùn-ún ni wọ́n kó o pa mọ́ sí. GLUT4 ni wọ́n ń pe ilẹ̀kùn yẹn, ìparí àwọn ọdún 1980 ni wọ́n tó dá a mọ̀. Tí insulin ò bá sí nítòsí, inú àwọn àpò kéékèèké nínú sẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ GLUT4 máa ń wà. Insulin á dé, á di mọ́ ohun tó ń gbà á lẹ́yìn sẹ́ẹ̀lì, ìròyìn á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ látọwọ́ pùrótéènì kan sí òmíì nínú lọ́hùn-ún, IRS-1, PI3K, Akt, títí á fi dé ọ̀dọ̀ AS160 tó jẹ́ pé òun ló ń dá àwọn àpò yẹn dúró, Akt á ní kó jọ̀wọ́ wọn, àwọn àpò á rìn lọ sí etí sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn, GLUT4 á bọ́ síta, ṣúgà á wá rọ́nà gbà wọlé. Ẹ má da ara yín láàmú lórí orúkọ wọn o. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú ni pé iṣẹ́ insulin gùn, ìgbésẹ̀ ló ń tẹ̀ lé ìgbésẹ̀, ooru àti òtútù sì lè dá sí èyíkéyìí nínú wọn lọ́nà tó yàtọ̀.

Ọ̀nà kejì tún wà. Tí iṣan bá ń fún tó ń tú, ìyẹn tó bá ń ṣiṣẹ́, GLUT4 á jáde sí etí sẹ́ẹ̀lì láìjẹ́ pé insulin ló pè é. Ara àwọn tó ń ṣètò ìyẹn ni pùrótéènì kan tí wọ́n ń pè ní AMPK, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ṣọ́ iye okun tó kù nínú sẹ́ẹ̀lì, tí okun bá ti ń lọ sílẹ̀ ó máa ń ta jí. Ẹ fi ọ̀nà kejì yìí sí ìkáwọ́ torí ó máa tó wúlò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àlàyé ti ń ṣubú ni pé wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ iṣan bíi pé ohun kan ṣoṣo ni. Fọ́nrán ló kúnnú iṣan, oríṣi mẹ́ta ló sì wà lára èèyàn. Fọ́nrán pupa ń lọ́ra àmọ́ kì í tètè rẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ dáadáa, ó ní myoglobin tó ń bá a tọ́jú ọ́síjìn, òun ló fún un ní àwọ̀ pupa yẹn, mitochondria tó ń fi ọ́síjìn sọ ọ̀rá àti ṣúgà di okun sì pọ̀ nínú ẹ̀. Fọ́nrán funfun yára, ó lágbára, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ rẹ̀ ẹ́. Ìkẹta wà láàárín àwọn méjèèjì, ó yára ó sì tún lè fara dà á díẹ̀. Type I, IIx àti IIa ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Eku tún ní IIb tó yára ju gbogbo wọn lọ, ẹsẹ̀ àti apá tiwa ò ní in, mo sì ń sọ èyí torí pé eku ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí tí mo fẹ́ mẹ́nu bà, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú iṣan funfun eku lè má rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lára wa.

Orúkọ iṣan méjì ló máa ń tún ara ẹ̀ sọ nínú àwọn ìwádìí yìí. Soleus wà lẹ́yìn ojúgun, ó farapamọ́ sábẹ́ iṣan tó tóbi jù ú lọ, òun ló ń bá wa gbé ara dúró, fọ́nrán pupa ló kún inú ẹ̀. EDL wà níwájú ojúgun, òun ló ń gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè, lára eku fọ́nrán tó yára ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí soleus àti EDL nínú ìwádìí kan náà, ẹ mọ̀ pé wọ́n fẹ́ fi èyí tó ń lọ́ra wé èyí tó yára ni.

Pupa ló gbọ́ràn sí insulin jù. GLUT4 tó wà nínú ẹ̀ pọ̀ ju ti funfun lọ, òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín tó yí i ká pọ̀, insulin àti ṣúgà á tètè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ní 1985 àwọn onímọ̀ kan ní Ọsirélíà, James, Jenkins àti Kraegen, ṣe irú ìdánwò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn lára eku, àmọ́ wọn ò fi iṣan ṣe odindi, wọ́n wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyàtọ̀ tó wà láàárín iṣan pupa àti funfun sì ga gan-an, débi pé ẹni tó bá mú iṣan kan péré tó fi ṣe aṣojú gbogbo ara ti ṣìnà. Lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì náà, èyí tí ara kì í gbọ́ràn sí insulin dáadáa mọ́, wọ́n rí i ní 2001 pé GLUT4 inú fọ́nrán pupa wọn ti dín kù, ọ̀pọ̀ ìwádìí sì rí i pé fọ́nrán pupa gan-an kì í pọ̀ lára wọn tó ti àwọn tára wọn dá. Èyí tó gbọ́ràn jù ló wá ń gbẹ́sẹ̀ kúrò.

Ooru iṣan ńkọ́? Dígírì 37 ló máa wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn, torí òun ni tẹ̀mómítà ń sọ. Àmọ́ 37 yẹn, ti inú lọ́hùn-ún ni, ti ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ. Iṣan itan ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú yàrá tí ò gbóná tí ò tutù lè wà ní 33 sí 35, bó bá ṣe jìnnà sí awọ sí ni á ṣe gbóná sí. Kó gun kẹ̀kẹ́ kíkankíkan fún ìgbà díẹ̀, iṣan kan náà á gòkè kọjá 38, ó lè ju 39 lọ. Ìyẹn ni pé iṣan ẹsẹ̀ wa máa ń rìn láàárín dígírì márùn-ún tàbí mẹ́fà ní ọjọ́ kan ṣoṣo láìsí àìsàn kankan, ohun tó jẹ́ pé tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọpọlọ wàhálà ńlá ni. Lára eku, ìsàlẹ̀ nítòsí egungun ni apá tó pupa sábà máa ń wà nínú àwọn iṣan ńlá, apá funfun á wà lókè nítòsí awọ, torí náà tí ooru tàbí òtútù bá ta wọlé láti ìta, funfun ló máa kọ́kọ́ kàn.

Nínú kẹ́mísìrì ara, tí ooru bá fi dígírì 10 lé sí i, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ á yára ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Tó bá fi 10 wálẹ̀, á fà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Ẹ óò wá rò pé ó ti yé yín, pé tí òtútù bá dé insulin á kàn ṣiṣẹ́ díẹ̀ ni. Kò rọrùn tó yẹn. Tí wọ́n bá mú sẹ́ẹ̀lì tutù dáadáa nínú láàbù, insulin tó ń di mọ́ ọn lẹ́yìn á pọ̀ sí i ni, kò ní dín kù, torí nínú òtútù kì í tètè já, sẹ́ẹ̀lì ò sì ní lè gbé e mì, ní dígírì 4 gbígbé mì yẹn dúró pátápátá. Ẹni tó bá wò ibi dídìmọ́ nìkan á jáde wá sọ pé òtútù ń ran insulin lọ́wọ́! Àmọ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ ọ̀nà náà. Àwọn àpò GLUT4 ò lè rìn, etí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́, ọ̀rá ló pọ̀ lára ẹ̀, ọ̀rá sì máa ń gan nínú òtútù, ìròyìn dé ẹnu ọ̀nà àmọ́ kò sẹ́ni tó lè dìde ṣe nǹkan kan. Insulin wà, iṣẹ́ insulin ò sí.

Èyí tó tún burú fún ẹni tó ń ka ìwádìí ni ohun tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n bá yọ iṣan eku jáde tí wọ́n gbé e sínú abọ́ láàbù. Ẹ̀jẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́, ọ́síjìn ní láti máa rá wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ìta, tí iṣan bá sì nípọn, àárín ẹ̀ lè má rí ọ́síjìn. Tí wọ́n bá gbé omi abọ́ náà lọ sí 37, iṣan á máa jẹ ọ́síjìn sí i, àárín á túbọ̀ máa pòùngbẹ ẹ̀, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé àwọn láàbù kan máa ń fi omi sí bíi 30, àwọn míì á lo 35, àwọn míì á lo 37. Àìtó ọ́síjìn nìkan tó láti mú kí GLUT4 jáde, bí iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ṣe ń ṣe, láìsí insulin. Ẹ wá wò ó: ṣúgà á ti máa wọlé kí wọ́n tó da insulin sí i, tí wọ́n bá wá da insulin sí i àfikún á dà bíi pé kò tó nǹkan, ẹnì kan á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ooru dín agbára insulin kù nínú iṣan yìí, bẹ́ẹ̀ ọ́síjìn ni ò tó iṣan. Soleus tó pupa tó ń jẹ ọ́síjìn gan-an ni mo máa ń fojú ṣọ́ jù nínú irú ìwádìí yìí. Tèmi ni pé tí wọn ò bá sọ dígírì tí abọ́ wà àti bí iṣan ṣe tóbi tó, kẹ́ ẹ má fi ìwádìí kan wé èkejì rárá.

Ooru gidi ńkọ́, èyí tó kọjá ti ojoojúmọ́? Níbí lọ̀rọ̀ ti dùn. Wọ́n fi iṣan apá iwájú eku, èyí tí fọ́nrán tó yára pọ̀ nínú ẹ̀, sínú omi 42 fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láìsí insulin, AMPK sì ti ta jí. Ọ̀nà kejì tí mo ní kẹ́ ẹ fi síkàáwọ́ nìyẹn. Ojú ẹsẹ̀ lèyí ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yìn wákàtí mélòó kan ni ohun mìíràn tí ooru ń ṣe máa ń tẹ̀ lé e, pùrótéènì kan tí wọ́n ń pè ní HSP72 á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú iṣan. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa tún pùrótéènì tí ooru tàbí ìnira ti yí bíríkítí ká padà sí ipò. Ará Ítálì kan, Ferruccio Ritossa, ló kọ́kọ́ kíyè sí irú ìdáhùn ara báyìí sí ooru, ó kọ ọ́ jáde ní 1962, kì í tiẹ̀ ṣe lára iṣan, lára àwọn eṣinṣin kékeré tó ń bà lé èso ni, ẹnì kan ló yí ooru àpótí tí wọ́n wà sókè. Ó pẹ́ gan-an kẹ́nikẹ́ni tó ronú pé ó kan àtọ̀gbẹ.

Bó ṣe kàn án rèé. Tí ọ̀rá bá pọ̀ jù nínú ara, àwọn pùrótéènì kan tó ń gbé ìròyìn ìnira, JNK àti IKK-beta, máa ń dìde, wọ́n á wá dí IRS-1 lọ́wọ́, ìròyìn insulin ò ní lè kọjá. HSP72 ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ní 2002 wọ́n rí i pé HSP72 lọ sílẹ̀ nínú iṣan àwọn tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, bó bá ṣe lọ sílẹ̀ tó sì ni insulin ò ṣe ṣiṣẹ́ tó. Ní 2008 wọ́n ṣe eku tí HSP72 pọ̀ nínú iṣan wọn láti inú àbùdá, wọ́n fún wọn lóúnjẹ ọlọ́ràá, insulin wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní 2009 wọ́n wá rí èyí tó jẹ́ pé òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀: fún ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n fi oúnjẹ ọlọ́ràá bọ́ àwọn eku, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ wọ́n á fi ooru dígírì 41 sí wọn láti ìdí dé ẹsẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú péré. Àwọn tí wọn ò fi ooru sí lára, insulin ò gbà mọ́ nínú iṣan wọn. Àwọn tí wọ́n fi ooru sí lára, iṣẹ́ insulin padà sípò nínú soleus, ó sì padà nínú EDL náà.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí méjèèjì tí mo dárúkọ yẹn. Iṣan pupa ti ní HSP72 tó pọ̀ lọ́wọ́ kí ooru tó dé rárá, torí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni, kì í sinmi. Funfun ló jẹ́ pé tiẹ̀ kéré. Èèyàn á rò pé ẹni tó ti ní tẹ́lẹ̀ ò nílò àfikún, abi pé funfun nìkan ló máa jàǹfààní, àmọ́ ooru yẹn gba àwọn méjèèjì là lọ́wọ́ oúnjẹ ọlọ́ràá. Ìyàtọ̀ wọn ò parẹ́ o, pupa ṣì ni ọ̀gá nínú gbígba ṣúgà, ooru kàn dá oníkálùkù padà sí ipò tiẹ̀ ni.

Lára èèyàn ńkọ́? Èyí táráyé máa ń tọ́ka sí jù jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní New England Journal of Medicine ní 1999. Èèyàn 8 tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì ń jókòó sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣúgà wọn láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun já láti 182 sí 159 mg/dL, HbA1c wọn, ìyẹn ìdánwò tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn, fi nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Ó wúni lórí, àmọ́ èèyàn 8 ni, kò sì sí àwọn mìíràn tí wọ́n jókòó sínú omi tí ò gbóná tí wọ́n lè fi wọ́n wé. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé wọ́n ń wo ṣúgà òun lójoojúmọ́ máa ń ṣọ́ ẹnu ẹ̀, ẹ ṣáà mọ̀.

Lójú ẹsẹ̀ pàápàá, ooru lè mú kí ṣúgà dà bíi pé ó ga. Tí wọ́n bá fún èèyàn ní omi ṣúgà mu nínú yàrá tó gbóná, tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ ní apá ẹ̀, iye tó máa jáde á ga ju ti yàrá tútù lọ. Apá kan nínú ẹ̀ jẹ́ àwọn họ́mónù ìnira bí adrenaline, òótọ́ ni, àmọ́ apá ńlá nínú ẹ̀, ẹ̀tàn ìwọ̀n ni: ooru ti ṣí gbogbo òpó ẹ̀jẹ̀ awọ apá sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń sáré kọjá láìtíì já ṣúgà sílẹ̀ fún iṣan, èyí tí wọ́n wá fà jáde jọ ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọkàn bọ̀ ju ẹ̀jẹ̀ tó ti kọjá lára iṣan lọ. Kẹ́ ẹ má sì da ti ibà pọ̀ mọ́ ti omi gbígbóná. Ara ẹni tó ní ibà gbóná lóòótọ́, àmọ́ àkóràn ló ń bá jà, họ́mónù ìnira àti àwọn ohun ìjà ara ló ń dí insulin lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí ṣúgà fi ń ga nígbà àìsàn. Dígírì lè dọ́gba, ìdí ẹ̀ ò dọ́gba.

Ó ku òtútù. Àwọn onímọ̀ ní Maastricht, nílẹ̀ Netherlands, mú èèyàn 8 tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, wọ́n ní kí wọ́n máa jókòó sínú yàrá dígírì 14 sí 15 tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ fún ọjọ́ 10. Ní 2015 ni wọ́n gbé e jáde, bí insulin ṣe ń ṣiṣẹ́ lára wọn fi nǹkan bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún gbéra sókè. Gbogbo èèyàn ti rò pé ọ̀rá aláwọ̀ ilẹ̀, èyí tí ara ń jó láti mú ooru jáde, ló máa ṣe é, àmọ́ ìyípadà tó dé bá ọ̀rá yẹn kéré, iṣan ni wọ́n bá a, GLUT4 ti pọ̀ sí i ní etí sẹ́ẹ̀lì iṣan. Ṣé òtútù ti wá fún iṣẹ́ insulin lókun láìjẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì gan? Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, torí ohun tí mo sọ nípa abọ́ láàbù lókè dà bíi pé ó ta ko ó.

Kò ta ko ó. Yàrá 15 kì í sọ inú iṣan di 4, ara á gbèjà ara ẹ̀, á gbọ̀n. Gbígbọ̀n sì rèé, iṣan ló ń fún tó ń tú, iṣẹ́ ni. Ọ̀nà kejì tún rèé! Wọ́n tún un ṣe, èyí tó jáde ní 2021, ọjọ́ 10 bákan náà, àmọ́ wọ́n fi yàrá sí 16 sí 17, wọ́n rí i dájú pé kò sẹ́ni tó gbọ̀n dáadáa, iṣẹ́ insulin ò sì sàn sí i. Ìyàtọ̀ dígírì méjì péré. Nígbà tó di 2024 wọ́n ṣe òdìkejì ẹ̀, àwọn tí ara wọn tóbi gbọ̀n ó kéré tán wákàtí kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 10, ṣúgà wọn láàárọ̀ wálẹ̀, bí ara wọn ṣe ń gba omi ṣúgà náà sàn díẹ̀. Ní tèmi, èyí ló parí àríyànjiyàn pé afẹ́fẹ́ tútù fúnra ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

Oríṣi iṣan tún wọ̀ ọ́ níbí. Gbígbọ̀n méjì ló wà. Èyí tó rọra ń lọ, tí ò dúró, tó jẹ́ pé ẹ lè má tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ ń gbọ̀n, fọ́nrán pupa ló ń ṣe é, ọ̀rá ló sì máa ń jó dáadáa. Èyí tó ń dé ní wìtìwìtì, tí eyín á máa lu ara wọn, fọ́nrán tó yára ló ń dá sí i, ìyẹn ló ń fa ṣúgà tó wà nípamọ́ nínú iṣan. Ẹni méjì lè jókòó sínú òtútù kan náà kí wọ́n má gbọ̀n bákan náà, kí iṣan tó sì ń ṣiṣẹ́ lára kálukú yàtọ̀, abájọ tí èsì òtútù fi ń yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíì.

Ẹ wá wò ó, ooru àti òtútù tí wọ́n ń bá ara wọn jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì yìí, ẹnu ọ̀nà tó jọ ara wọn ni wọ́n ń kàn. Ooru ń jí AMPK, ó tún ń fi HSP72 sílẹ̀. Òtútù ń mú kí iṣan ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rin ìrìn wàràwàrà, iṣan ẹ̀ á gbóná, á fún á tú, GLUT4 á jáde, etí iṣan náà á sì ṣí sí insulin tó ọjọ́ kan tàbí méjì sí i, láìgbọ̀n láìsè ara ẹ̀ nínú omi. Fún ẹni tí ẹsẹ̀ tàbí oríkèé ara ò jẹ́ kó lè rìn ni mo rò pé omi gbígbóná ti lè wúlò jù, àwọn tó ń ṣèwádìí ẹ̀ náà sì ń fojú sí wọn.

Ẹni tó bá ń lo insulin tó sì fẹ́ dán an wò, kó kọ́kọ́ bá dókítà ẹ̀ sọ̀rọ̀, kó má gún abẹ́rẹ́ tán kó wá wọnú omi gbígbóná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó wọn ṣúgà ẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn. Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára lè ba bí ara ṣe ń làágùn jẹ́, ara ò ní lè tu ara ẹ̀ nínú ooru, ọkàn á sì máa ṣe wàhálà. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kú tipiri tí kì í mọ nǹkan lára mọ́, kó má fi ẹsẹ̀ dán omi wò láé, torí omi lè bó o kó má mọ̀, tẹ̀mómítà ni kó tì bọ omi, tó bá ti kọjá 40 kó bu omi tútù lé e.